Ọkùnrin Mọ́kànlélọ́gọ́ta Tí A Kò Rí

Ajé, 6 Oṣù Ọ̀wàrà 2014

Kíákíá ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀. Dókítà Owiredu lorúkọ rẹ̀ níwájú èèyàn, olórí ẹ̀ka àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wa ní ilé ìwòsàn ńlá Kumasi. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, á ti dúpẹ́ iṣẹ́ kí o tó gbà pé wàá ṣe é. Ó ní Àkùkọ máa pé àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára wọ́ọ̀dù tuntun. Wọ́n sì fẹ́ ìwé kékeré kan tí wọ́n máa pín fáwọn àlejò: gbogbo ohun tó ti kọ látìgbà èwe rẹ̀, àti iye èèyàn tó ti tọ́ka sí i káàkiri ayé.

Ta ni yóò kà wọ́n? Anti Pomaa. Ta ló mọ ibi tí àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ wà? Anti Pomaa. Ó ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ fáwọn aláìsàn pé kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn èémí—fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, má dáwọ́ dúró—ní báyìí wọ́n ní kí n wá fẹ́ atẹ́gùn sínú Àkùkọ.

Àkùkọ: Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwabena Dwomoh. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibí ni mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àyà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá, ara tó kù á wá tẹ̀ lé e. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ìwé yìí.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é, Anti," ni Kíákíá wí. Ojú rẹ̀ ti wà lára fóònù.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo bẹ̀rẹ̀. Àpilẹ̀kọ 94. Nínú wọn, bóyá mẹ́fà lèèyàn nílò. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tó ń pààrọ̀ aṣọ. Ikọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ. Ikọ́ àwọn tó ń yan ẹja. Ikọ́ àwọn tó ń la pákó. Bí bàbá yìí bá gbọ́ tí ajá wúkọ́, á kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí.

Ti ọdún 1989 ni bàbá gbogbo wọn. Ojú ewé mẹ́sàn-án péré. Ọdún mẹ́rin la fi lọ, tí a fi bọ̀, ní Sikabepo, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù lábẹ́ ilẹ̀ Ghana wa. Awakùsà 412. A wọn eruku tí wọ́n ń fà símú, a ya fọ́tò àyà wọn, a ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn. Méje péré ni eruku òkúta ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Àkùkọ wá kọ ọ́ pé tí eruku kò bá ti ju ìwọ̀n ti Sikabepo lọ, ọkùnrin lè wa kùsà fún ọgbọ̀n ọdún kí àyà rẹ̀ má ṣe nǹkan kan.

Gbogbo ayé gbà. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló gbé òfin eruku wọn lé ojú ewé mẹ́sàn-án yẹn. Iye ìtọ́kasí títí di òní: 2,306.

Àkùkọ mọ iye yẹn lórí. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ojú ewé 212 ni àpilẹ̀kọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1993, ọ̀gbẹ́ni kan ní Belgium ṣèèṣì kọ ọ́ ní 221. Láti ìgbà yẹn, èèyàn 640 ti kọ ọ́ ní 221. Mo gun àga, mo yọ jọ́nà, ìwé àwọn dókítà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lórí pẹpẹ, mo ṣí i. Ojú ewé 221: ìpolówó ìbọ̀wọ́. Àwòrán ọwọ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ọ̀mọ̀wé 640, láti Peru títí dé Japan, ń fi ìbọ̀wọ́ jẹ́rìí sí ẹ̀dọ̀fóró èèyàn.

Kò tán síbẹ̀. Ẹnì kan ní Guinea la ti ṣe é. Ẹnì kan ní àwọn awakùsà náà jẹ́ 700. Ẹnì kan—ó ní oyè mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ—sọ pé obìnrin ni gbogbo wọn.

Wọn ò kà á. Ara wọn ni wọ́n ń wò. Ẹni iwájú nàka, ẹni ẹ̀yìn náà nàka, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo ohun tí wọ́n ń nàka sí.

Ẹtì, 10 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni wá sin gbèsè. Dókítà Ayinpoka Atampugre. Ọmọ Bolga, òkè àríwá. Ó ń kàwé gboyè àgbà ní ẹ̀ka wa, mo ti ń rí i lójú ọ̀nà, mi ò kà á sí. Bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ó ń sọ èdè Twi bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ti dá ìwé ìwádìí rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun fẹ́ wo rẹ́jísítà Sikabepo, ti àkọ́kọ́ gan-an, tí a fọwọ́ kọ.

Mo ní inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa ló wà.

Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, Anti?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó wo ọrùn mi. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, pẹ̀lú ti ilé.

Ọmọ aláfojúdi.

Àìkú, 12 Oṣù Ọ̀wàrà

Ṣọ́ọ̀ṣì. Fùfú. Mo sùn. Mi ò ronú nípa rẹ́jísítà kankan. (Irọ́.)

Ajé, 13 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọmọ Bolga fi ìwé ìwádìí rẹ̀ sórí tábìlì mi, kò kí mi, ó lọ. Mo ní mi ò ní kà á. Mo kà á. Mi ò lè lọ jẹun ọ̀sán.

Ó dára. Ó bí mi nínú bó ṣe dára tó. Ó lọ sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Zuarungu, nítòsí Bolga, ó wá àwọn ọkùnrin tó ti wa kùsà rí ní Sikabepo tí wọ́n ti padà sílé. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó gbé wọn lọ ya fọ́tò àyà. Mọ́kànlélógójì nínú wọn ni eruku òkúta ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìgbìmọ̀ tó yẹ kó fún wọn ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ sì lé wọn, nítorí Dwomoh 1989 ti sọ pé eruku Sikabepo kì í pa èèyàn; ó ní láti jẹ́ sìgá ni, tàbí èéfín ìdáná ìyàwó wọn.

Ohun tí ẹni tó yẹ ìwé náà wò kọ sẹ́yìn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ó ta ko Dwomoh 1989, ojú ewé 221.

221. Ó fi ìbọ̀wọ́ gbá ọmọ yẹn létí.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún un. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá nítorí ìbọ̀wọ́ yẹn.

Rẹ́jísítà ńlá, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, àwọn kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé e lé itan bí ọmọ. Ó ń fi ìka tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, 473 ni wọ́n, kì í ṣe 412. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn 61 tó kù ńkọ́? Mo ní wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ sílé, a wá wọn, a ò rí wọn. Ó wà níbẹ̀, níwájú orúkọ wọn. A kò rí i. A kò rí i.

Ó ṣí ewé kan, ó tún ṣí òmíràn. Ó wá fi ìka lé nọ́ńbà 318.

Ó ní, "Bàbá mi nìyí."

Atampugre Akolgo. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1988, a kò rí i.

Kò sunkún. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ aláìsàn. Pé ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà yẹn. Pé inú yàrá tó kọjú sí ọ̀nà ni bàbá òun wà, lórí ẹní, nítorí kò lè rìn dé ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Pé kò kúrò níbẹ̀ rárá títí ó fi kú lọ́dún 1991. "Ẹni tó bá dé abúlé wa kò lè má gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ṣé afọ́jú lẹni tí wọ́n rán ni, Anti? Àbí odi?"

Mo ní mi ò rántí ẹni tí wọ́n rán.

Ó tún tẹjú mọ́ ìwé náà. "Ẹ wo bó ṣe kọ ọ́. Bírò búlúù kan, bírò dúdú kan. Búlúù, dúdú. Ó tẹ̀ lé ara wọn régí títí dé ìsàlẹ̀."

Mo ní kó dá ìwé náà padà sáàyè rẹ̀ tó bá parí. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀. Mo dúró síbẹ̀.

Ẹtì, 17 Oṣù Ọ̀wàrà

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní inú ń run mí.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Ọ̀wàrà

Ó dáa. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ọdún 1988. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Àkùkọ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní àwọn 61 kan ti fi Sikabepo sílẹ̀ kí a tó yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kejì, ìdílé wọn wà ní abúlé márùn-ún lẹ́yìn Zuarungu. Ó ní, "Pomaa, lọ wá wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá wà láàyè, jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn. Ẹni tó bá ti kú, bi wọ́n léèrè ohun tó pa á." Ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré nínú àpótí, àti rẹ́jísítà náà. Ó fún mi ní lẹ́tà fún àwọn baálẹ̀. Ó gbà mí gbọ́.

Mo dé Bolga. Oòrùn yẹn kò ní àánú. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí abúlé kan—ẹyọ kan. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń sín bí mo ṣe ń pe orúkọ wọn jẹ. Mo dé ilé kan, obìnrin ibẹ̀ ní ọkọ òun wà nínú yàrá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun ni, ikọ́ ò jẹ́ kó sùn, kí n jọ̀ọ́ jókòó díẹ̀. Ó po ìyẹ̀fun ọkà bàbà mọ́ omi, ó gbé e fún mi nínú igbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò lọ́hùn-ún. Mo wo inú igbá. Mi ò mu ún. Mo ní mo máa padà wá lọ́la.

Mi ò padà.

Kì í ṣe pé ara mi ò yá. Kì í ṣe pé ọ̀nà bàjẹ́. Mo rò pé wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Pé kí èmi ọmọ Kumasi máa rìn nínú eruku láti ilé dé ilé, wá àwọn tí mi ò lè pe orúkọ wọn, torí ìlà mélòó kan nínú rẹ́jísítà. Òun nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn.

Mo lọ sí Tamale, ilé ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀. À ń dirun, à ń wo fíìmù India. Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà, mo jókòó nínú ilé ìdáná rẹ̀, mo kọ "A kò rí i" nígbà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo ń pààrọ̀ bírò kó lè dà bíi pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo rò pé ọgbọ́n nìyẹn.

Mo sọ fún Àkùkọ pé àwọn abúlé ti ṣófo, wọ́n ti lọ wáṣẹ́ ní Côte d'Ivoire. Ó ní, "Ó dáa." Kò bi mí léèrè ẹyọ kan. Ọkùnrin tó máa ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ìdí tí bébà fi dín ẹyọ kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fi àwọn 640 tó kọ 221 ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn yẹn tọ́ka sí ìbọ̀wọ́. Àwọn tó kọ ojú ewé tó tọ́, èmi ni wọ́n tọ́ka sí. Èmi, nínú ilé ìdáná kan ní Tamale, pẹ̀lú bírò méjì.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọmọ Bolga ní òun fẹ́ kí n mú òun lọ rí Àkùkọ nílé. Ó dá a lójú pé Àkùkọ ló fi àwọn ọkùnrin náà pamọ́ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ lè dùn. Mo ní kó dákẹ́ títí ayẹyẹ á fi kọjá. Ó ní àwọn mẹ́ta ti kú láàárín àwọn 88 rẹ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà. Ó ní ṣé káwọn tó kù náà dúró de ayẹyẹ?

Mo ní kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Ọ̀wàrà

Àkùkọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ aṣọ ìbora ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mi ò tíì rí i láìwọ bàtà rí. Àyà ọ̀hún ti wọlé sínú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìpékeré àti ẹ̀pà wá. Ó béèrè bí ìwé kékeré náà ṣe ń lọ. Ó ní, "Ṣé ó ṣì jẹ́ 2,306?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn.

Ọmọ Bolga kò fọwọ́ kan ẹ̀pà. Ó ní, "Próf, nọ́ńbà 318 ni bàbá mi. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí i. Ó wà nílé. Gbogbo wọn wà nílé. Ẹ fi wọ́n pamọ́."

Mo rò pé bàbá náà máa gbaná jẹ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ọmọ náà títí. Ó ní, "Mi ò fi ẹnikẹ́ni pamọ́. Mo rán èèyàn lọ. Ẹni náà padà wá, ó ní abúlé ti ṣófo."

"Ta lẹ rán, Próf?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà. Ó bó o, kò jẹ ẹ́, ó bó òmíràn. Ó ní, "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Orí àgbàlagbà kì í mú gbogbo ẹ dání."

Ó rántí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Ó jókòó síbẹ̀ níwájú ọmọ tó ń pè é ní òpùrọ́ nílé ara rẹ̀, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi rárá. Mo ti fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀sín fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mo ní, "Èmi ni. Mi ò lọ."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: igbá yẹn, Tamale, bírò méjèèjì. Ọmọ Bolga dìde kí n tó parí, ó jáde, ó gba ẹnu géètì lọ láìwẹ̀yìn.

Àkùkọ wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ó yẹ kí n ti bi ẹ́ léèrè nígbà yẹn, Pomaa. 412 yẹn dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, "Jẹ́ kí ayẹyẹ kọjá ná. Wọ́n ti kọ orúkọ sára ògiri."

Mo ní ó dáa. Ó tù mí lára nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ẹtì, 24 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo pàdé Ọmọ Bolga lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Madam." Kì í ṣe Anti mọ́.

Ajé, 27 Oṣù Ọ̀wàrà

Ìwé kékeré náà ti dé láti ilé ìtẹ̀wé. Bébà tó ń dán. Mo rí i dájú pé ojú ewé 212 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wúlò gan-an. Irọ́ náà ti ní àdírẹ́sì tó tọ́ báyìí.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Bélú

Ayẹyẹ. Àga funfun, fáànù tí kò yí. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Accra sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó ní 2,306 ìgbà layé ti gbọ́ ohùn Ghana. Kò ka ojú ewé kan nínú rẹ̀ láyé rẹ̀, mo fi orí mi búra. Ó pe Sikabepo ní Sekebepo lẹ́ẹ̀mẹta. Kíákíá sáré sókè, ó sáré sódò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn àti fáànù. Wọ́n ní kí èmi náà dìde, "ìránṣẹ́ olóòótọ́ tó wà pẹ̀lú Próf láti ìbẹ̀rẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo dìde. Mo tẹríba. Mo jókòó.

Ọmọ Bolga wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo fọ́tò àyà.

Àkùkọ fa aṣọ kúrò lára ògiri. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, lẹ́tà ńlá. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ajé, 3 Oṣù Bélú

Awakọ̀ Àkùkọ mú àpò ìwé kan wá. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìwé tó fi yọ̀ǹda rẹ́jísítà Sikabepo fún Dókítà Ayinpoka Atampugre kó lò ó bó ṣe fẹ́. Èkejì, lẹ́tà sí jọ́nà tó tẹ àpilẹ̀kọ náà jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ó ti buwọ́ lù ú. Ìlà mẹ́wàá. Ó ní àpilẹ̀kọ náà kò dúró mọ́, ó ní kí wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tó ń lò ó. Ó fi àlàfo mẹ́ta sílẹ̀: iye tó wà láàyè, iye tó ti kú, iye tí a kò rí ní tòótọ́.

Ó fi bébà kékeré kan mọ́ ọn: "Pomaa, kíka àwọn èèyàn yìí kù sí ẹ lọ́wọ́."

Mo ti kọ ohun púpọ̀ nípa ọkùnrin yìí nínú ìwé yìí. Mi ò ní pa wọ́n rẹ́. Agbéraga ni. Àṣehàn ni. Ó sì ju mí lọ.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Bélú

Mo kó àpò ìwé náà fún Ọmọ Bolga. Ó kà á lórí ìdúró, lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mo mọ̀ pé kò ní fẹ́ rí mi, pé mo lè kọ àlàyé bí a ṣe ń ka rẹ́jísítà náà sórí bébà fún un.

Ó ní, "Rárá. A jọ ń lọ. Kì í ṣe pé mo ti dárí jì yín, Madam. Ẹ̀yin lẹ máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn."

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Bélú

A wọ Bolga. Ọjọ́ kan gbáko nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kò ju mẹ́ta lọ, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ nípa omi.

Ẹtì, 7 Oṣù Bélú

Nọ́ńbà 44: Akolbire Anaba. A kò rí i—bírò dúdú. Ilé rẹ̀ ni ìkẹta láti ojú títì.

Ó jókòó sábẹ́ igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, bí wọ́n ṣe ń ṣe kí èémí lè wọlé. Egungun ejìká rẹ̀ yọ bí ìwo. Ọmọ Bolga kí i, ó ń pè é ní Bàbá, ó wá yí sí mi, ó dúró. Mo sọ ọ́. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ láìdín ọ̀rọ̀ kan kù. Mo ń gbọ́ "Tamale" nínú rẹ̀.

Bàbá náà gbọ́ ọ tán. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, a dúró kí ikọ́ náà parí. Ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ pé wọn ò rí mi? Èmi tí mi ò lè rìn dé ìdí ògiri yẹn? Ìyá Kumasi, ibo lo rò pé mo sá lọ?"

Mo gbé ẹ̀rọ jáde nínú àpótí.

Ó ní, "Ó dáa, o ti rí mi báyìí. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Mo ní kó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ. Ọwọ́ ẹ̀rọ mì díẹ̀, ó padà. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí ọmọ ọdún méje ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó bi Ọmọ Bolga ní nǹkan kan. Mo ní kí ló sọ? Ó ní, "Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣe dáadáa."

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Bélú

Opó ni gbogbo òní. Mọ́kànlá. Ìkan ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà padà síbi tí mo ti gbé e wá, òun ò ní gbọ́ ọ, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìkan di ọwọ́ mi mú, kò jù ú sílẹ̀. Ti èkejì yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àìkú, 9 Oṣù Bélú

Ilé Ọmọ Bolga. Yàrá tó kọjú sí ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ fún mi ní omi ìyẹ̀fun nínú igbá. Mo mu ún tán. Mo kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà 318: ó kú, 1991, ikọ́.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Bélú

A parí. Mẹ́sàn-án ṣì wà láàyè. Mẹ́rìnlélógójì ti kú. Nínú wọn, méjìdínlógójì ni ìdílé wọn sọ pé èémí ni wọn ò rí mí mọ́. Mẹ́jọ ni a kò rí ní tòótọ́. Ilé wọn ti wó, àwọn aládùúgbò ò mọ ibi tí wọ́n lọ.

Mẹ́tàléláàádọ́ta nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọjọ́ mẹ́fà ló gbà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi nígbà yẹn.

Nígbà tí mo kọ àwọn iye náà sínú àlàfo tán, Ọmọ Bolga gba lẹ́tà Àkùkọ, ó ń kà á sókè. Ó dé ìlà kẹrin, ó dúró. Àkùkọ ti kọ ọ́ pé: "A kùnà láti wá wọn."

Ó kàn na lẹ́tà náà sí mi, pẹ̀lú bírò rẹ̀.

Mo fa ìlà gba orí "A." Mo kọ "Mo" sókè rẹ̀. Mo wá kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀, Afia Pomaa Gyedu, lábẹ́ ti Àkùkọ. A fi í ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Bolga ní aago mẹ́ta ọ̀sán.